Òkúta Inú Ìrẹsì Yúùlù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ rò pé bákan náà ni gbogbo ibi tí òyìnbó ń gbé ṣe rí, mo lọ, mo sì ti dé. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé London tutù. London kò tutù. Ẹni tó bá tún wọ bọ́ọ̀sì ní Peckham lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ráhùn òtútù, n ó kàn máa wò ó ni.

Norway ni mo ti ń bọ̀. Àǹtí mi, Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣoṣo, ló fẹ́ ọkùnrin ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Éríkì. Erékùṣù kan lókè pátápátá ni wọ́n ń gbé, níbi tó jẹ́ pé tí èèyàn bá tún rìn síwájú díẹ̀, ilẹ̀ ti tán nìyẹn. Wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣọdún tí wọ́n ń pè ní yúùlù. Kérésìmesì ni, kì í sì í ṣe Kérésìmesì. Éríkì ṣàlàyé pé ọdún náà ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé ìgbà tí oòrùn bá ti sá lọ pátápátá ni àwọn baba ńlá àwọn máa ń ṣe é. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, wọ́n kàn gbé ọmọ Màríà sí àárín rẹ̀, wọn ò yí orúkọ rẹ̀ padà.

Èmi ò kàwé púpọ̀. Ẹ̀rọ ni mo fi ń gé pánlá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane. Ṣùgbọ́n mo mọ pánlá, ohun tí mo sì mọ̀ nípa Norway kí n tó lọ kò ju pé ibẹ̀ ni pánlá ti ń wá.

Màámi tí wọ́n ń dá gbé ní Kennington ló di ẹrù fún mi. Wọ́n di gààrí, wọ́n di ata gígún, wọ́n di ẹ̀wà olóyin tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wọn láti ilé, tí wọ́n máa ń fọwọ́ ara wọn ṣà. Wọ́n wá mú odidi pánlá méjì, wọ́n tì í sínú báàgì.

“Màámi, ibẹ̀ ni pánlá ti ń wá.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Wọ́n kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Wọ́n á ti kó èyí tó dáa wá fún wa tán. Gbé e lọ, kí ọmọ mi lè rí nǹkan jẹ.”

Bí pánlá ṣe padà sílùú rẹ̀ nìyẹn, nínú báàgì ọmọ Peckham.

*Ọ̀sán dúdú*

Ọ̀sán gangan la gúnlẹ̀ sí èbúté, òkùnkùn sì ti bo gbogbo nǹkan. Mo bi Àǹtí mi tó wá pàdé mi níbẹ̀ pé ìgbà wo ni ilẹ̀ máa mọ́.

“Oṣù tó ń bọ̀.”

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní àsìkò yẹn, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. Tó bá dọ̀sán, ojú ọ̀run á kàn dà bí aṣọ aró tó ti ṣá, lẹ́yìn náà á tún dúdú. Mo fẹ́ kírun, mi ò mọ ohun tí n ó fi díwọ̀n àkókò. Aago London ni mo tẹ̀ lé, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó fojú fò ó. Tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí lówó, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé oòrùn wọn ńkọ́.

Ohun tí mo ń retí jù ni ibi tí wọ́n ti ń sá pánlá. Éríkì mú mi lọ. Igi ni wọ́n to jọ gbọọrọ bí òrùlé ilé tí kò ní páànù, gbogbo rẹ̀ sì ṣófo. Ó ní ó di ìgbà tí ọdún tuntun bá wọlé dáadáa kí ẹja tó dé.

“Orí rẹ̀ ńkọ́?” mo bi í. “Ṣé ibí náà lẹ ti ń sá a?”

“Orí? Ẹ̀yin lẹ máa ń rà á. Àwa kì í jẹ orí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kì í jẹ orí ẹja, kí ló mọ̀ nípa ẹja?

Ilé ìyá rẹ̀ la dé sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọdún náà. Màmá Éríkì ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ìyá tín-ín-rín kan tí irun wọn funfun báláú, wọ́n wọ súwẹ́tà aláràbarà. Mo ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ máa ń ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yìnyín. Ìyá náà kígbe, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan sáré bọ́ síta, wọ́n di apá mi mú. Wọ́n rò pé mo yọ̀ ṣubú ni. Éríkì náà fò wá, àwọn méjèèjì gbé mi dìde bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń gbọn yìnyín kúrò lára mi, wọ́n ń tẹ eékún mi wò. Àǹtí mi tó yẹ kó ṣàlàyé ti di ògiri mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dúró. Láti ọjọ́ yẹn lọ, tí mo bá ti fẹ́ jáde báyìí, Màmá Éríkì á ti gbé bàtà onírin kan wá fún mi, kí n má baà tún ṣubú.

*Àwọn tí kì í kí èèyàn*

Wọn kì í kí èèyàn. Ìwọ àti ẹnì kan péré lẹ wà lójú ọ̀nà, òkùnkùn níwájú, òkun lẹ́yìn, á wo ibòmíràn kọjá lọ. Éríkì jù mí lọ dáadáa, ó ní kí n má pe òun ní bọ̀dá mọ́, kí n máa pe Éríkì. Ọmọ kékeré àdúgbò ń pe Màmá Éríkì lórúkọ, kò sẹ́ni tó gbá a létí. Síbẹ̀, tí wọ́n bá jẹun tán, tọmọdé tàgbà á yíjú sí ẹni tó se oúnjẹ, wọ́n á dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Ẹnu tí kò mọ ẹ káàárọ̀ ló ń dúpẹ́ ọ̀dùnkún bíbọ̀.

Ingrid, ẹ̀gbọ́n Éríkì obìnrin, ti ti Oslo dé kí n tó dé. Òun ló kọ́kọ́ mú mi bínú. Ó ń ṣí fíríìjì, ó ń gbóòórùn wàrà, ó ń fọwọ́ kan bọ́tìnì sítóòfù níkọ̀ọ̀kan. Mo bi Àǹtí mi ní yàrá pé kí ni obìnrin yìí ń wá.

“Àṣìṣe ló ń wá,” Àǹtí mi wí. “Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n gbàgbé ìkòkò sórí iná, èéfín kún ilé. Wọ́n gbàgbé ọjọ́ ìbí Ingrid. Ingrid ní yàrá kan ti ṣí sílẹ̀ nílé àwọn arúgbó tó wà nílùú, pé kí Màmá kó lọ síbẹ̀ tọ́dún bá ti parí. Éríkì ò gbà. Ni wọ́n bá jọ ṣàdéhùn.”

“Àdéhùn kí ni?”

“Pé kí àwọn fi yúùlù yìí wò ó. Gbogbo nǹkan tí Màmá máa ń ṣe lọ́dọọdún, kí wọ́n dá a ṣe. Tí wọn ò bá gbàgbé kankan, wọ́n á máa gbé ilé wọn. Tí wọ́n bá gbàgbé...” Ó jọ́wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí ibùsùn.

“Ṣé Màmá mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀. Ṣé o ò rí i bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí sítóòfù? Ohun tó kù láti ṣe ni wọ́n ń rán ara wọn létí.”

Mo pòṣé. “Ìyá tó bí wọn ni wọ́n ń dán wò bí ọmọ iléèwé? Àwa kì í ṣe irú ẹ̀.”

“Mufu, please. Ìgbà wo lo lọ sọ́dọ̀ màámi kẹ́yìn?”

“Mo máa ń lọ jẹun níbẹ̀.”

“O máa ń lọ jẹun,” ló wí, ó sì dìde lọ ṣe nǹkan tí kò níláárí kan ní ìdí fèrèsé.

*Ẹja inú omi ọṣẹ*

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Éríkì gbé pánlá tí mo mú wá. Wọ́n fi gbá tábìlì, ó dún kó. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sọ nǹkan kan ní èdè wọn, Éríkì sì bú sẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ní ó lọ wo London, kò gbádùn rẹ̀, ó padà wálé,” Àǹtí mi túmọ̀ fún mi.

Mo rò pé a ó wá jẹ pánlá bí ọmọ èèyàn. Ó tì o. Wọ́n mú mi lọ wo tiwọn nínú yàrá ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Pánlá, ẹja tí ẹ̀ ń ná ní Rye Lane títí ojú ẹni tó ń tà á á fi pọ́n, àwọn èèyàn yìí máa ń gbé e rì sínú omi eérú. Irú omi eérú tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ láti fi ṣe ọṣẹ. Wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí á fi wú, tí á fi rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí ọṣẹ inú rẹ̀ má baà pa wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń sè é. Lútẹ́fìsìkì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi retí ọdún.

Wọ́n bu díẹ̀ fún mi. Ó ń gbọ̀n lórí ṣíbí. Kò ní ata, kò ní òórùn, eyín ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Òórùn pánlá ti mọ́ mi lára débi pé èèyàn máa ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀ ojú irin Overground, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Àwọn wọ̀nyí lé òórùn náà jáde kúrò lára ẹja, wọ́n wá ń fi ẹnu ara wọn yìn ín.

“Ṣé ó dùn?” Ingrid bi mí.

“Ó mọ́,” ni mo wí.

Èmi ò ní lọ́kàn láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Éríkì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ da ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ gbígbóná lé e lórí, mo fi ọwọ́ bo abọ́ mi. Ẹran àgùntàn wọn tí wọ́n fi iyọ̀ pa wà níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó pa á, mi ò mọ orúkọ tó pè kó tó pa á. Bí ebi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín nínú ilé tí oúnjẹ kún nìyẹn.

*Ìrẹsì*

Ọjọ́ ọdún gan-an, ọ̀sán ni wọ́n máa ń jẹ ìrẹsì. Inú wàrà ni wọ́n ti ń sè é, wọ́n á máa rò ó títí á fi ki, wọ́n á bu ṣúgà lé e, wọ́n á fi bọ́tà sí àárín rẹ̀ kó máa yọ́. Àárọ̀ yẹn, Màmá Éríkì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé ìdáná.

Wọn kì í jẹun kí nísè tó jẹun. Iwin kan báyìí ni nísè, baba kúkúrú onífìlà pupa, tí wọ́n ní ó ń ṣọ́ ilé ẹran wọn. Tí wọn ò bá gbé ìrẹsì ẹlẹ́bọ́tà fún un lọ́jọ́ ọdún, á bínú, á sì máa da ẹran láàmú títí ọdún á fi yí po. Ẹran kankan ò sí níbẹ̀ mọ́, mọ́tò Éríkì ló wà nínú ilé ẹran náà. Síbẹ̀, Màmá gbé abọ́ gba inú yìnyín lọ, wọ́n gbé e kalẹ̀ nídìí táyà. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Mo rántí gbogbo ohun tí òyìnbó ti sọ nípa oúnjẹ tí àwọn bàbá bàbá wa ń gbé síta, ni mo bá rẹ́rìn-ín sínú.

Ìrẹsì náà dùn. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn níyẹn. Ebi ń pa mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń jẹun díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lẹ́nu, Éríkì ń wo Ingrid, Ingrid ń wo Àǹtí mi, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á wá wo èmi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á gbójú kúrò. Ó ká mi lára. Mo ní ṣé wọn ò rí adúláwọ̀ tó ń jẹun rí ni.

Ibẹ̀ ni eyín mi ti kan nǹkan líle.

Òkúta ni. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wà tọ́ dàgbà kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ahọ́n tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo mú tíṣù, mo ṣe bí ẹni ń nu ẹnu, mo tu ú síbẹ̀. Mo rí i fìrí, nǹkan pupa rúsúrúsú kan, mo ká tíṣù lé e, mo fi sápò. Ojú mi ò yí padà. Ìyá arúgbó ló sè é, ọmọ wọn sì jókòó tì wọ́n tó ń ṣọ́ àṣìṣe. Ṣé èmi ni mo máa wá ké pé òkúta wà nínú ìrẹsì wọn? Ohun tí mo máa ń ṣe ní Kennington náà nìyẹn. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí òkúta ti ń wà nínú ẹ̀wà màámi, tíṣù ni mo sì fi ń kó o, wọn ò mọ̀. Inú mi dùn sí ara mi. Mo ní nínú gbogbo ilé yìí, èmi nìkan ni wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí Éríkì ní kí n bá òun fi igi kún iná ààrò, mo ju tíṣù náà sí i.

*Abọ́ nísè*

Ìrẹsì inú ìkòkò tán. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ara wọn, ẹ̀rín ẹnu wọn sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Éríkì sọ nǹkan. Ingrid mi orí. Àǹtí mi mi orí. Màmá Éríkì dìde, wọ́n fi ṣíbí igi ha ìdí ìkòkò, wọ́n tún un ha.

Ingrid bi wọ́n ní ìbéèrè kan, wọ́n dáhùn. Ó tún un bi wọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n kàn ń ha ìkòkò lọ.

Éríkì mú iná tọ́ọ̀ṣì, ó jáde. Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá ńlá èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí táyà, ó ń fi ṣíbí tú oúnjẹ nísè wò. Mo fẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

“Kí ni wọ́n sọ nù?” mo bi Àǹtí mi.

“Álímọ́ńdì, èso kan bí ẹ̀pà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sínú ìrẹsì náà. Ẹni tó bá rí i kò ní sọ, á fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ìkòkò á fi tán, kí gbogbo èèyàn lè máa fura síra wọn. Ẹ̀bùn wà fún un. Ṣé o ò rí i bí a ṣe ń wo ara wa lẹ́nu ni? Éríkì ò ṣàlàyé fún ẹ?”

“Éríkì ò sọ nǹkan kan fún mi.”

“Ó rò pé mo ti sọ, èmi náà rò pé ó ti sọ.” Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mufu, ó ti parí nìyẹn. Kò sọ́dún kan tí Màmá gbàgbé álímọ́ńdì rí. Èyí gan-an ni Ingrid ń dúró dè.”

Mo rántí nǹkan pupa inú tíṣù.

N ó sọ òótọ́ fún yín, nítorí pé òótọ́ ni mo ní kí n kọ. Mo dákẹ́ ná. Mo wo iná ààrò, ó ti jó gbogbo rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé àlejò ni mí, n ó lọ láìpẹ́, àti pé bó pẹ́ bó yá wọ́n á ṣáà wá nǹkan míì mú ìyá yìí sí. Éríkì wọlé pẹ̀lú yìnyín lórí, ó na ọwọ́ òfìfo méjèèjì. Ingrid kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó tú okùn épírọ́ọ̀nù wọn fún wọn bí ẹni tú ti ọmọdé, ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti pòṣé pé àwa kì í ṣe irú ẹ̀, èmi ni mo fi tíṣù dì wọ́n, tí mo ń gbé wọn lọ sílé arúgbó.

*Àwọ̀ rẹ̀*

“Èmi ni mo rí i,” mo wí. “Mo rò pé òkúta ni.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

“Òkúta?” Éríkì wí. “Nínú ìrẹsì?”

Ṣé ẹ rí wọn. Ìrẹsì tí wọ́n ti ń jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé kò ní òkúta rí. Mo ṣàlàyé. Mo ní nílé tiwa, tó o bá bá òkúta nínú oúnjẹ àgbà, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àǹtí mi ń túmọ̀ fún Màmá, ó sì ń wò mí bí ẹni fẹ́ sunkún.

“Ó wá wà níbo?” Ingrid bi mí.

“Mo ti jù ú sínú iná.”

Ó wò mí títí. Kò fi mí ṣẹ̀sín, àánú mi ló ń ṣe é. “Èèyàn dáadáa ni ọ́,” ló wí. “Mo mọ ohun tó o fẹ́ ṣe.”

“Mi ò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Mo ní mo rí i.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó pọ́n rúsúrúsú. Bí òkúta ilẹ̀ wa.”

Ingrid mí kanlẹ̀, ó yíjú sí Éríkì. “Ṣé o gbọ́? Funfun ni. Láti kékeré wa, funfun ni. Màmá máa ń fi omi gbígbóná bó èèpo rẹ̀, kó lè fara pamọ́ sínú ìrẹsì.” Ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, “Ó ṣeun, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti purọ́ rí tí wọ́n gbà yín gbọ́, ẹ ò mọ bó ṣe ń rí tí èèyàn bá ń sọ òótọ́ tí wọ́n ń dúpẹ́ irọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń wo Àǹtí mi, òun náà ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé òun gan-an ò gbà mí gbọ́.

Màmá Éríkì ló sọ̀rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí gbogbo wa lè rí i. Oríkèé ìka wọn ti wú, ó ti wọ́. Mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yẹn ló di apá mi mú lórí yìnyín.

Àǹtí mi ń túmọ̀. “Wọ́n ní àwọn ò bó o lọ́dún yìí. Wọ́n gbìyànjú, ó ń yọ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìka ń dùn wọ́n. Wọ́n bá kúkú fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí Ingrid mọ̀ pé ìka àwọn ò dára mọ́, kó má baà tún fi kún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.”

Ingrid ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú ọ̀rá álímọ́ńdì jáde, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo rẹ̀ ló pọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí tí ìyá rẹ̀ jókòó lé, ó sì gbé ọwọ́ wọn lé itan rẹ̀, ó ń wo ìka wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo ti ní àwọn èèyàn yìí ò mọ ìkúnlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé arúgbó lọ́jọ́ yẹn. Kí n tó lọ, Àǹtí mi sọ fún mi pé Màmá á ṣì máa gbé ilé wọn, pé ẹnì kan á máa wá wo iná àti oògùn ìka fún wọn. Mi ò ní sọ fún yín pé ó ti tán. Ìkòkò tó jóná lóòótọ́ ṣì jóná. Ṣùgbọ́n ti álímọ́ńdì, wọn ò gbàgbé.

Ẹ̀bùn náà sì dé. Òfin ni òfin, Màmá Éríkì ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjì, wọ́n fi ríbọ́ǹ pupa dì í. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n lọ álímọ́ńdì mọ́ ṣúgà, wọ́n mọ ọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀, ojú, imú, ìrù kékeré.

“Èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀,” mo wí.

“Kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀,” Ingrid dáhùn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. “Ó mọ́.”

*Kennington*

Mo dé London, oòrùn wà níta. Oòrùn yẹpẹrẹ kan báyìí, tí ẹ̀yin máa ń bú, mo dúró sábẹ́ rẹ̀ ní Rye Lane níwájú ṣọ́ọ̀bù wa títí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá ara mi yá. Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ: ọṣẹ ni wọ́n ń fi ẹja wọn ṣe, wọn kì í kí èèyàn, ẹni tó ń ju orí pánlá nù kò yẹ kó tún máa kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán yìnyín tàn yín.

Mo gbé ẹlẹ́dẹ̀ náà lọ fún màámi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti iwájú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn.

“Kí lèyí?”

“Ẹlẹ́dẹ̀ ni.”

“Mufu, mo rán ẹ níṣẹ́ ẹja, o gbé ẹlẹ́dẹ̀ bọ̀.”

Mo sọ gbogbo ìtàn náà fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, àyàfi ibì kan tí mo fò. Wọ́n bú Ingrid, wọ́n tún ní ó ṣe dáadáa, wọ́n ní àánú ìka ìyá náà ń ṣe àwọn. Wọ́n gbé ẹlẹ́dẹ̀ sórí fíríìjì, ibẹ̀ ló wà dòní, wọn ò jẹ ẹ́, wọn ò sì jù ú nù. Wọ́n wá bu ẹ̀wà fún mi.

Mi ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí eyín mi fi kan nǹkan. Ọwọ́ mi ti ń lọ sápò láti mú tíṣù, bó ṣe mọ́ ọn lára. Mo dá a dúró. Mo yọ nǹkan náà, mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa lábẹ́ iná, mo wá gbé e sí etí abọ́ níbi tí wọ́n ti lè rí i.

Màámi tẹ orí síwájú. Wọ́n na ìka, wọ́n ń wá a lórí abọ́ funfun yẹn, ìka wọn kọjá lára rẹ̀ kí ó tó bà á.

“Ṣé òkúta ni?”

“Òkúta ni, màámi.”

“Mo ṣà á o. Mo ṣà á dáadáa. Mi ò rí i ni.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń wà níbẹ̀?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

Wọn ò bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ. Wọ́n gbé òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń yí i. Mo fa àga mi sún mọ́ tiwọn, mo lọ gbé ọ̀rá ẹ̀wà tó kù wá láti ilé ìdáná, mo tú u sórí àtẹ láàárín àwa méjèèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.